Gbólóhùn tí Ó Ní Kí N Yọ Kúrò

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀ ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta gbé ike ọ̀dà wá síwájú ilé wa ní Bẹẹrẹ. Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n kí mi dáadáa, èyí tó kéré jù nínú wọn tiẹ̀ fọwọ́ kanlẹ̀ kó tó na búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó fa ìlà pupa méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri wa, lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà, gbogbo ilé tó bá ti gba àmì ni wọn yóò wó. Mo bi í pé nígbà wo. Ó ní òun ò mọ̀, àmì nìkan ni wọ́n ní kí òun wá fi sí i. Wọ́n bá kọjá sí ilé kejì. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mò ń wo ọ̀dà náà bó ṣe ń ṣàn wálẹ̀ títí ó fi gbẹ.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló kù nínú ilé náà nígbà yẹn, pẹ̀lú awakọ̀ takisí kan tó háyà yàrá iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọkọ tèmi náà ti kú, àwa méjèèjì sì padà wá sílé bàbá wa bí ẹni pé a ò lọ síbì kankan rí. Bàbá wa ló kọ́ ilé náà. Olùkọ́ lòun náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ pálọ̀ ló dùbúlẹ̀ sí báyìí, ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àga la sì tò lé wọn lórí tí a fi ń gba àlejò.

Ọmọbìnrin mi náà wà nínú ilé yẹn. Ibà ló pa á, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Nílẹ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ tó kú mọ́ ọn lójú. Yàrá aládùúgbò kan ni wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ náà, wọn ò sì jẹ́ kí n jáde títí wọ́n fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró ti àwọn tó sin ín. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti gbá gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò síbi tí mo lè tọ́ka sí. Mi ò bi ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ò sọ. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ náà ti kú tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi ń sá aṣọ sí ẹ̀yìnkùlé yẹn, tí mò ń gúnyán níbẹ̀, tí mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀.

Torí náà, nígbà tí ọmọkùnrin ọlọ́dà yẹn sọ pé wọn yóò wó o, kì í ṣe ògiri ni mo rò. Katakata tí wọ́n fi ń wó ilé ni mo rò, eyín irin rẹ̀ nínú ilẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí olórí ẹgbẹ́ alátakò ní káńsù wa wá bá mi. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré, èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bó bá kan ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú tépù lọ́rùn, ó máa ń sọ ohun tí àwọn olóṣèlú jí àti orúkọ ẹni tó jí i. Lẹ́yìn ìdìbò kan, àwọn kan wá dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà níbẹ̀. Bàbá náà ò kú lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò ránṣọ mọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ọjọ́ kejì ni ọmọ rẹ̀ ti wá sílé ìwé, òórùn èéfín wà lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá bi í ní ìbéèrè, yóò kọ́kọ́ wo ojú gbogbo kíláàsì. Nínú ìdánwò, bí ohun kan kò bá dá a lójú, kò ní kọ nǹkan kan, yóò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ni. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi ìdáhùn kankan kọ rí.

Ó ti di ọkùnrin ẹlẹ́wù funfun, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Bí a bá wà láwa nìkan, mo ṣì máa ń pè é ní ìwọ, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà nítòsí, ẹ̀yin ni mò ń pè é. Ó ní òun fẹ́ du ipò alága káńsù, òun sì ń wá ẹni tí yóò máa bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìpolongo ní Yorùbá. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì lòun fi ń ronú báyìí, bí òun bá sì fi í bá àwọn ará Ọjà'ba sọ̀rọ̀, wọn yóò ní òun ń ṣe akọ̀wé lé àwọn lórí.

Mo mú un jáde lọ wo àmì ara ògiri. Ó fi ìka kan kàn án, ó wá wo ìka náà bóyá ọ̀dà wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó, mà."

Mo gbà láti kọ ọ́. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta, mo sọ̀rọ̀ gọ́tà, mo sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ àti iná ọjà. Láàárín rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí: Bí ẹ bá fi mí sípò yìí, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n wó ilé kan ṣoṣo nítorí ọ̀nà. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló wá gbà á. Ó jókòó sí pálọ̀, lórí bàbá mi, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́. Nígbà tó débẹ̀, ó fa pẹ́ńsùlù yọ lápò, ó fi fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la gbólóhùn náà já.

Ó ní, "Èyí le jù, mà."

Mo ní, "Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ọmọ ṣe ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Ó ní àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì ń fẹ́ ọ̀nà náà, wọ́n sì pọ̀. Ó ní òun ò tíì rí ìwé àdéhùn tí ìjọba bá kọngílá ṣe, àti pé ẹni tó bá ṣèlérí lórí ìwé tí kò kà, ó ti kó sí i. Ó ní àwọn tó wà lórí àléfà ń ṣọ́ ẹnu òun, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀ ná, mà. Ẹni tí kò bá débẹ̀, kí ló lè ṣe?"

Mo wo ojú rẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó yẹn, ṣọ́ọ̀bù tó ń jó ni mo rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kí n sì sọ òtítọ́, nǹkan mìíràn tún ṣe mí: inú mi dùn pé mo lè rí ọ̀rọ̀ dídùn kan fi dí ibi tí ó gé náà. Mo gba pẹ́ńsùlù ọwọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ sórí ìlà tó fà pé: Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀nà, ẹ̀sọ̀ la ó fi mú un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn mú òun.

Ọ̀rọ̀ bàbá mi nìyẹn. Òun ló máa ń sọ ọ́ bó bá ń kọ́ wa láti fi àbẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ara wa.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpàdé ìpolongo lórí òkè Màpó, ẹ̀gbọ́n mi ní òun yóò lọ. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Awakọ̀ takisí tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa ló gbé wa dé ìsàlẹ̀ òkè, a sì fi ẹsẹ̀ gun ìyókù, a ń sinmi lójú ọ̀nà. Wọ́n gbé àga fún un níwájú nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo fẹ́ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ pé ẹni tó bá ní ìbéèrè lè bi òun, ẹ̀gbọ́n mi dìde. Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un. Ó bi í pé, "Ọmọ mi, ilé wa tí wọ́n kun ní pupa ńkọ́?"

Àwọn ará Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà tí ilé wọn gba àmì pọ̀ níbẹ̀. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn fún un, ó wá dá a lóhùn pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde gbé e lọ sí gbogbo òrùlé tó wà nísàlẹ̀ wa. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo sì dáwọ́ dúró, nítorí bí ohùn náà ṣe ń padà wá láti ìsàlẹ̀ òkè, kì í ṣe ohùn ọmọ iléèwé mi ni mo gbọ́ mọ́, ti bàbá mi ni.

Nígbà tí a délé, tí mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó ní, "Ìwọ lo kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, àǹtí mi."

Ó ní, "Bàbá wa ò fi ọ̀rọ̀ yẹn sá fún ìbéèrè rí."

Ọjọ́ ìdìbò, mo lọ tẹ̀ka fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní orúnkún ń dun òun. Awakọ̀ wa náà dìbò fún un, ó ní bí èèyàn bá ń mu omi ẹrẹ̀ láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n wá gbé omi tó tòrò díẹ̀ fún un, ṣé yóò ní kò mọ́ tó? Ọkùnrin náà wọlé. Wọ́n jó dé Ọjà'ba.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Kò jalè. Wọ́n kó pàǹtí tó dí gọ́tà ẹ̀yìn ọjà, iná sì ń tàn níbi tí kò ti tàn rí. Àwọn tọ́ọ̀gì tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà káńsù kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí a bá fi wé àwọn tó lọ, ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ilé tó gba àmì, kò wó wọn, kò sì sọ pé òun ò ní wó wọn. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan. Ìgbìmọ̀ náà wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wọn iwájú ilé, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ ohun tí àmì lè ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pààrọ̀ páànù lórí ilé tí wọ́n lè wó lọ́la. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kò fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ sílé mọ́. Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde, awakọ̀ wa náà kó lọ sí Òkè-Àdó, ó ní kí n má bínú, ìyàwó òun ń bẹ̀rù. Òjò ọdún náà wá wó ilé aládùúgbò wa, èyí tí wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ mi. Kò pa ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, àdúgbò wa máa ń dákẹ́ bíi pé wọ́n ti wó o tán, tí àwa tó kù sì jẹ́ ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀lé e ni àìsàn dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí n mú òun lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fa apá rẹ̀ kọ́ èjìká mi. Ó rìn dé abẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, láàárín ògiri àti àmù omi, ó dúró. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lápá òsì, ó ní, "Ibí ni kí ẹ sin mí sí." Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀pá sí apá ọ̀tún, kò kàn án mọ́lẹ̀, ó kàn nà án síbẹ̀. Ó ní, "Kí ẹni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ rọra. Kó má fẹ̀ ẹ́ dé ìhín."

Mo wo ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti ń da omi ìfọṣọ sí láti gbogbo ìgbà yìí wá. Mi ò sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó fúyẹ́. Ó ní òun yóò máa bá mi tọ́jú ọmọ náà.

Ó kú ní ọjọ́ kọkànlá sí ìgbà náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ dé láti ibi tí wọ́n wà, mo sì sọ ibi tó ní kí a sin òun sí. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá wó ilé náà ńkọ́, ṣé àwọn yóò tún máa hú ìyá àwọn ni? Ó ní kí n lọ bi alága, ó ṣe tán, ọmọ iléèwé mi ni. Bó bá sọ pé wọn ò ní wó o, kò síyèméjì mọ́.

Mo lọ sí káńsù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn ò jẹ́ kí n dúró níta. Ó dìde fún mi, ó jókòó tì mí, ó dárò ẹ̀gbọ́n mi tọkàntọkàn, mo sì rí omi lójú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo tiẹ̀ sọ ti ọmọ mi, èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó tẹ orí ba.

Ó ní, "Mà, mi ò lè sọ pé kí ẹ sin wọ́n síbẹ̀. Mi ò sì lè sọ pé kí ẹ má sin wọ́n síbẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ ni alága."

Ó ní, "Èmi ni, mà. Ìgbìmọ̀ ò tíì parí iṣẹ́."

Mo wò ó, mo sì rí i pé kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ń bà á ni, ẹ̀rù náà sì ti wọ ẹ̀wù funfun, ó ti jókòó sórí àga ńlá. Mo ti rò pé bó bá dé ipò, ẹ̀rù yóò fi í sílẹ̀. Ohun tí a dìbò fún nìyẹn, gbogbo wa: pé ohun tí kò lè sọ níta, yóò ṣe é bó bá wọlé. Ó wọlé, ó sì ń bá a lọ láti máa dúró de ìgbà tí yóò wọlé.

Nígbà tí mo dé ilé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí la ó ṣe. Èmi ni mo dàgbà jù nínú ilé náà. Bí mo bá ti ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọn ì bá gbẹ́ ẹ. Mo ní, "Ohun tí ẹ bá rí pé ó dára ni kí ẹ ṣe." Itẹ́ òkú ìjọ ni wọ́n gbé e lọ, lẹ́yìn ìlú, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Mo tẹ̀lé wọn. Ilẹ̀ pupa ni, ó gbẹ, kò sí ògiri tó sún mọ́ ọn.

Mi ò sọ pé òkú ń rìn. Ohun tí mo gbọ́ ni mò ń sọ. Láti ìgbà tí a ti sin ín, bó bá ti di nǹkan bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mò ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kò, kò, bí ẹni tó ń wá ibì kan. Bí mo bá jáde, kò sẹ́nìkankan. Nígbà mìíràn, mo máa ń gbọ́ gbólóhùn bàbá mi láti pálọ̀, ohùn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n tó ń dún bí èyí tó ti inú ẹ̀rọ jáde. Mo sọ fún àlùfáà wa, ó gbàdúrà sínú ilé. Àdúrà náà tù mí lára. Ọ̀pá náà ò dákẹ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo pe bíríkìlà kan láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú pé kó wá rẹ́ ògiri iwájú fún mi. Ó rí àmì, ó dúró, ó bi mí bóyá mo ti gba àṣẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa, ó sì yà mí lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Ó po sìmẹ́ńtì, ó fi rẹ́ ògiri náà títí àmì fi bò mọ́lẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ilé mẹ́ta mìíràn ní ìlà wa ti pe bíríkìlà kan náà. Ẹnikẹ́ni ò wá bi wá léèrè.

Ìdìbò tún ti ń bọ̀ báyìí. Ọkùnrin náà wá kí mi ní Sátidé tó kọjá, ó fẹ́ padà sípò. Ó rí ògiri náà kó tó wọlé, mo rí i bó ṣe dúró díẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ó bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó bi mí bóyá omi ẹ̀rọ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ó mu omi tí mo gbé fún un tán, ó di ife náà mú, ó ń yí i lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpolongo tuntun ló wá gbà. Ojú mi wà lára àpò rẹ̀, níbi tí orí pẹ́ńsùlù ti yọ jáde. Mi ò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, òun náà ò sì béèrè.

N óò dìbò fún un, ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí àwọn tó ń bá a du ipò ń sọ, ó burú ju ìdákẹ́ lọ. Kò mú ọkàn mi balẹ̀ láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ pálọ̀. Mo gbàdúrà fún un. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò ń kí i, ó ń juwọ́ sí wọn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gba ẹ̀yìn lọ, mo yà fún ibi tí ẹ̀gbọ́n mi na ọ̀pá sí, mo lọ ká aṣọ tó ti gbẹ kí ìrì tó sẹ̀.